Iwe adìẹ tó ń le bí rọ́bà: ohun tí kò rọ̀ nínú omi kò lè rọ̀ nínú òróró

Àbúrò wa kan ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́:

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ra iwe adìẹ kílò méjì ní Ọjà Ọba, èyí tó dì nínú fíríìsà. Mo bọ̀ ọ́ pẹ̀lú alùbọ́sà, mágì àti kọ́rì fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, omi rẹ̀ ń hó kùtùkùtù. Ó le. Mo ní kí n dín in, bóyá ó máa rọ̀. Mo dín in títí ó fi dúdú, ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìkìrun lópin oṣù, gísídòdò, iwe àti dòdò inú ata, ni wọ́n fẹ́ràn jù, eyín wọn ò sì pé mọ́. Aládùúgbò mi kan ní kí n ju párásítámólì méjì sínú ìkòkò, èkejì ní kí n lo kánhún. Èwo ni kí n ṣe, mà?”

Àbúrò mi, má ṣe fi párásítámólì sí oúnjẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, pàápàá àwọn tí owó gáàsì ń dùn ju ìlera ẹni tó máa jẹun lọ. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa àṣà yìí. Oògùn náà kì í parẹ́ nínú omi gbígbóná. Bó bá ṣe ń pẹ́ lórí iná, apá kan rẹ̀ lè yí padà di èròjà mìíràn tó ń ba kíndìnrín jẹ́, èyí tí kò bá sì yí padà, ẹ̀dọ̀ ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ta ló fẹ́ wọn iye tó bọ́ sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan? Ìyá àgbà tó ti lo méjì láàárọ̀ nítorí orúnkún tó ń ro wọ́n, á tún wá jẹ òmíràn mọ́ ẹran láìmọ̀. Bí aládùúgbò yẹn bá tún sọ ọ́, rẹ́rìn-ín, kí o yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Ti kánhún yàtọ̀. Kánhún kì í ṣe májèlé, òun ni àwọn ìyá wa fi ń se ewédú, tí wọ́n ń fi se ẹ̀wà tó bá ya alágídí. Ó máa ń rọ ẹran lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lára iwe adìẹ, ẹ̀yìn ló máa ń sọ di yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ kí inú tó rọ̀, omi ẹran náà á wá máa ta lẹ́nu bí ẹni tó tọ́ ọṣẹ wò. Ó tún máa ń pa fítámì B1 inú ẹran, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi kì í lò ó fún iwe rárá, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe tí sùúrù kò lè ṣe jù ú lọ.

Bí o bá fẹ́ ohun tó ń ran ẹran lọ́wọ́ láìba adùn rẹ̀ jẹ́, ìbẹ́pẹ ni, èyí tí kò tíì pọ́n rárá. Oje funfun rẹ̀ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní papain, tó ń já okùn ara ẹran. Rẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀, nǹkan bíi ṣíbí ìmùkọ kan fún kílò kan, fi pa iwe náà lára, fi í sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí, kí o sì ṣàn án dànù kí o tó gbé e kaná. Ṣáájú iná ni o ti máa lò ó, torí pé omi híhó máa ń pa agbára rẹ̀. Má sì jẹ́ kó sun mọ́jú lára ẹran, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ á rà bí ẹran tí wọ́n gún. Kò pọn dandan o. Bí iná rẹ bá dára, o kò nílò rẹ̀.

Ìdí tí tìrẹ fi le ni pé adìẹ kò ní eyín. Gbogbo àgbàdo, gbogbo kòkòrò, gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ tó bá ṣà mì, inú iwe ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Iṣan tó nípọn ni iwe, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí adìẹ ti jáde nínú ẹyin títí di ọjọ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ máa ń ní okùn funfun líle tó so ó pọ̀, kólájìn ni wọ́n ń pè é. Bí iná bá kọ́kọ́ kàn án, ẹran á sún kì, á fún omi ara rẹ̀ jáde, á le gbagidi. Ibi tí o dé ní ogójì ìṣẹ́jú yẹn nìyẹn: o gbé e kúrò níbi tó le jù. Bí o bá fi í sílẹ̀ nínú omi tó ń mì jẹ́jẹ́, okùn funfun yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀, á di ohun tó ń yọ̀ bíi jẹ́lì, ẹran á sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí omi tí o fi sè é bá dì nínú fíríìjì lọ́jọ́ kejì, tó ń gbọ̀n tí o bá mi abọ́, o ti sè é dáadáa.

Omi tó ń hó kùtùkùtù kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Omi kì í gbóná ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú ìkòkò lásán, bí o fẹ́ kí o koná tó. Gáàsì nìkan ló ń tán, omi ń fò dànù, ẹran sì ń gbẹ. Kólájìn ti ń yọ́ láti nǹkan bí 70 sókè, àkókò ló ń béèrè. Òróró tí a fi ń dín nǹkan ní tirẹ̀ máa ń gbóná tó 170 sí 180, kò sì sí omi nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbẹ ara ẹran kó lè pọ́n. Nítorí náà, dídín kò lè rọ iwe tó le. Ìgbà tí iwe bá ti rọ̀ tán ni òróró ń kàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó o.

Mo máa ń rò ó pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìkan. Nílé tiwa, adìẹ kan, iwe kan ni, baálé ló sì ni ín. Ọmọ tó bá bu iwe jẹ nínú ìkòkò, ìyá rẹ̀ ló máa dúró ṣàlàyé. Iwe ẹyọ kan yẹn kò sì dá wà nínú ìkòkò rí: òun àti àgbébọ̀ adìẹ tó ti gbó ni wọ́n jọ ń wà lórí iná igi fún wákàtí méjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń se iwe, torí ó ń rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìsinsìnyí tí a ń ra kílò kan, kílò méjì, iwe nìkan, àkókò tí a fi ń se itan adìẹ agric la tún ń fún un. Itan adìẹ agric kò tíì rìn nílé ayé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti ń pa á.

Ọjọ́ orí adìẹ ló ń pinnu iye àkókò, wọn kì í sì í kọ ọ́ sára ọ̀rá. Nínú ọ̀rá kan náà o lè rí ti adìẹ agric kékeré, ti adìẹ ẹlẹ́yin tó ti yé ẹyin fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tà á, kódà o lè rí ti tòlótòló. Ṣà wọ́n sọ́tọ̀ kí o tó sè é. Àwọn tó kéré, tí ara wọn mọ́lẹ̀, wákàtí kan á ṣe wọ́n. Àwọn tó tóbi, tó dúdú, tí awọ funfun ẹ̀gbẹ́ wọn nípọn, wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Ti adìẹ ìbílẹ̀ máa ń kéré lójú, má jẹ́ kó tàn ọ́, òun náà ń fẹ́ wákàtí kan àbọ̀. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, kó àwọn líle sí i ṣáájú.

Ní ti ibi tí o ti ń rà á: ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó adìẹ dídì wọlé láti òkèèrè, ó ti lé ní 20 ọdún, síbẹ̀ páálí tó gba ojú ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé kò tán lọ́jà. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ẹ̀ ni iye ìgbà tó ti yọ́, tó sì tún dì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí o bá dé Ọjà Ọba tàbí Olúọdẹ, wo ọ̀rá náà dáadáa. Bí omi pupa bá dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbàgìdì, tí iwe náà lẹ̀ mọ́ra di òkúta kan ṣoṣo, ó ti yọ́ rí. Iwe tó dára máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kó fẹ́ dà bí àwọ̀ àlùkò, ó sì máa ń dán. Èyí tó bá ti ń ṣe eérú tàbí tó ń fà lọ́wọ́, má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú. Tó bá ṣeé ṣe, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ lójú ẹsẹ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ kó iwe jọ. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ń fẹ́ adìẹ tí wọ́n ti gé, wọn kì í bèèrè inú rẹ̀.

Rà á pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Iwe máa ń sún kì gan-an lórí iná, kílò kan tútù lè máà ju nǹkan bí 600 gíráàmù lọ tó bá jinná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alásè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ń pàdánù, wọ́n á ka iwe tútù fún àlejò, wọ́n á wá máa wá èyí tó jinná.

Bí ó bá dì, jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì láti alẹ́ àná. Bí kò bá sí iná, fi ọ̀rá tí wọ́n dì pa sínú omi tútù, kí o máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Má gbé e sójú oòrùn, má sì fi í sórí tábìlì láti àárọ̀ dọ̀sán nínú ooru Òṣogbo yìí. Lẹ́yìn náà, ṣí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò. Nínú iwe, awọ kan wà tó pọ́n bí ìyeyè, tó rí ṣákaṣàka, òun ló ń gba òkúta. Bí ẹni tó ṣe é lọ́jà kò bá bó o tán, bọ ìka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o fà á, á ṣí kúrò. Bí iwe bá ṣì odindi, fi ọ̀bẹ la á láti ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, má là á já, da ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù, fọ̀ ọ́, kí o tó bó awọ náà. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi ṣeré. Ìyanrìn ẹyọ kan nínú ìkòkò ti tó láti jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ máa sọ̀rọ̀ rẹ ní Ìkìrun títí ọdún á fi yípo.

Fi iyọ̀ àti òroǹbó wẹ́wẹ́ ra á lọ́wọ́, kí o ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì nínú abọ́. Má ṣe fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń tú, torí omi adìẹ tútù máa ń ta kálẹ̀ sára abọ́ àti tòmátì tó wà nítòsí, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru sì ń bá a lọ. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó kí o tó kàn ata. Gé awọ funfun tó nípọn ní ẹ̀gbẹ́ dànù bí o bá ní àyè, ó wúlò gan-an fún ti ìyá.

Wàyí o, orí iná. Kó iwe sínú ìkòkò láìfi omi sí i rárá. Gé alùbọ́sà ńlá kan sí i, gún atalẹ̀ àti ááyù díẹ̀, fi táìmù, kọ́rì, iyọ̀, àti mágì díẹ̀ péré. Dé e, jẹ́ kí iná kéré, kí ó máa yọ́ omi ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi yẹn ni adùn rẹ̀ wà, ẹni tó bá kọ́kọ́ da ìgò omi lé e lórí ti fọ adùn nù. Lẹ́yìn náà ni wàá wá bu omi gbígbóná tó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kan, kí o wá fà á sílẹ̀ débi pé ojú omi ń mì, tí ìfófó kọ̀ọ̀kan ń yọ. Dé e pa. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kí o bù sí i. Èédú dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó ń fún ni níná jẹ́jẹ́ tí kì í sáré, o ò sì ní máa wo gáàsì bí ẹni tó ń wo owó rẹ̀ tó ń jóná.

Bí o bá ní ìkòkò prẹ́ṣọ̀, ìyẹn ló yẹ kí o gbé jáde fún ìyá àgbà. Ooru inú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 120, kólájìn kì í pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti ń súfèé, ìṣẹ́jú 25 á ṣe ti adìẹ agric, 40 á ṣe ti ẹlẹ́yin. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde tán fúnra rẹ̀ kí o tó ṣí i.

Má fi aago nìkan ṣe ìdánwò. Gún èyí tó tóbi jù pẹ̀lú fọ́ọ̀kì: bí ó bá wọlé láìjà, tó sì jáde láìgbé iwe náà sókè, ó ti tó. Bí ó bá ṣì ń gbé e sókè, fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Fún àwọn tí o ti dín bà jẹ́ yẹn, bí wọn ò bá jóná kọjá àlà, dá wọn padà sínú omi ẹran, sè wọ́n fún wákàtí kan sí i, wọ́n á ṣì wúlò fún ata díndín.

Sẹ́ omi rẹ̀ sínú abọ́, má dà á nù. Jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì tí wọ́n fi omi iwe sè, ẹni tó jẹ ẹ́ á bi ọ́ léèrè. Jẹ́ kí iwe náà gbẹ nínú ajere, fi aṣọ mímọ́ nù ún, torí omi tó kù lára ẹ̀ ló ń mú kí òróró ta sókè. Jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa, dín in fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kàn pọ́n. Kó o kúrò. Ẹni tó bá ní kí o jẹ́ kó dúdú kó lè “jinná dáadáa,” má dá a lóhùn.

Gísídòdò fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti sè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n ṣùgbọ́n tó ṣì le lọ́wọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní àmì dúdú, ni kí o gé wẹ́wẹ́ kí o dín lọ́tọ̀. Èyí tó ti rọ̀ jù á pò mọ́ ata. Lọ tàtàṣé mẹ́ta, tòmátì méjì, ata rodo bí ẹnu ìyá bá ṣe gbà á, má jẹ́ kó kúnná. Jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ lórí iná ṣáájú, kí o tó dín in nínú òróró pẹ̀lú alùbọ́sà títí òróró á fi yọ lójú. Bu omi iwe díẹ̀ sí i, tọ́ iyọ̀ wò, kí o da iwe sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun gan-an ni dòdò ń wọlé. Àwọn kan ń fi ṣúgà sí i. Dòdò ti dùn tó, ẹ jọ̀ọ́.

Ti ìyá ọkọ rẹ, ṣe é lọ́tọ̀. Má dín in rárá. Láti inú omi ẹran ni kí o ti mú un, nígbà tó ṣì gbóná, kí o fi ọ̀bẹ mímú gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kó fẹ́lẹ́, kí o gé e ní ìbú, kó má ṣe tẹ̀ lé bí iṣan ṣe nà, kí okùn rẹ̀ kúrú kí wọ́n tó fi sẹ́nu. Da á sínú ata náà, kí o fi dòdò tó rọ̀ díẹ̀ sí i. Kí o sì fọgbọ́n bi ọkọ rẹ bóyá dókítà ti sọ ohunkóhun fún wọn. Iwe kò ní ọ̀rá púpọ̀, purotéènì inú 100 gíráàmù rẹ̀ tó jinná tó nǹkan bí 30 gíráàmù, ìyẹn dára fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ìwọ̀n yẹn kan náà tó nǹkan bí 370 míligíráàmù, ti ẹyin méjì nìyẹn. Ẹni tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nítorí àrùn gout náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Bí ó bá kan ìyá, ẹyọ mélòó kan nínú abọ́ wọn ti tó, dòdò ni kí o fi kún un.

O lè sè é sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Tó bá ti jinná tí kò tíì kan òróró, fi í sínú omi rẹ̀ nínú abọ́ tó ní ìdérí, jẹ́ kó tutù díẹ̀, kó sì wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Ọjọ́ mẹ́ta ló lè lò níbẹ̀ bí iná bá dúró. Bí iná adúgbò rẹ bá jẹ́ irú tiwa ní Òkè-Baálẹ̀, sè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o tún jẹ́ kó hó dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.